Bàbá Ló Ṣe Ìkẹrin Nínú Bánà

Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́ kejì, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 2025.

Àǹtí Jẹ̀mí mi,

Ẹ kú òtútù. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú oríire dókítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ṣé Scotland ò tíì sọ yín di yìnyín? Èmi àbúrò yín kan ṣoṣo, Ọláolú, mo wà digbí, mò ń dán bíi bàtà ọjọ́ Sunday.

Ẹ ní kí n má fi ohùn ránṣẹ́ mọ́, pé fóìsì nóòtì mi gùn ju ìwàásù lọ, pé kí n máa jókòó kọ lẹ́tà kí ọwọ́ mi lè mọ̀ ọ́n kọ. Ó dáa. Ẹ wo lẹ́tà. Èmi tí mo sá kúrò ní JSS 2 ni mò ń kọ̀wé báyìí bí adájọ́. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti gbá a dànù, ẹ fojú fò ó, ẹ̀yin ni dókítà.

Bísínẹ́ẹ̀sì ń lọ. Ní gbogbo Ṣómólú, tí wọ́n bá ní ta ló ń tẹ bánà tí òjò ò lè fọ̀, orúkọ tèmi ni wọ́n á kọ́kọ́ dá. Ẹ̀rọ ọ̀hún kì í ṣe tèmi o, ti Àlàájì kan ni, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà ò mọ̀. Èmi ni mò ń mú iṣẹ́ wá, èmi ni mò ń pariwo, èmi ni mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa. Àbdùlsàmàd ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe dísáìnì. Láàárín àwa méjèèjì, ọpọlọ kan la ní. Òun máa ń lò ó láàárọ̀, èmi máa ń gbà á lọ́sàn-án.

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí Dáàdì ò gbé fóònù yín láti Sunday. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ mọ Èbúté Mẹ́ta yìí, tí ọkọ̀ ojúurin bá ti kọjá báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bá a lọ. Ara Dáàdì le. Ó ń jẹun. Ó ń kọrin. Ó kàn jẹ́ pé orin tó ń kọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, orin ọjọ́ ìdájọ́ ló pọ̀ níbẹ̀.

Mo ṣe nǹkan kékeré kan síwájú ilé láti bá yín yọ̀. Àwọn èèyàn rí i. Wọ́n pọ̀. A máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ tí ẹ bá dé ní Dìsẹ́ńbà. Bàtà mi, 44 ni. Funfun. Ẹ má ra 43 kí ẹ wá ní á fẹ̀ tó bá yá.

Èmi ni, ọba bánà,
Ọláolú.


Edinburgh,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà.

Ọláolú,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo rí lẹ́tà rẹ. Ọwọ́ rẹ ti ń mọ ìwé kọ. Irọ́ rẹ náà ò tíì dín.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Lánàá ni Dáàdì fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju èyí lọ: "Má wá sí ilé mi ní Dìsẹ́ńbà, àfi tí o bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀." Kò kọ "ọmọ mi" síwájú ẹ̀. Kò kọ àdúrà sẹ́yìn ẹ̀. Ọláolú, ẹni tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ béèrè aago lọ́wọ́ èèyàn, á kọ́kọ́ súre fún un.

Kò pẹ́ sí i, Màmá Kòfowórọlá tó ń darí ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ohùn ránṣẹ́. Ó rọra bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo sọ pé ọ̀bọ ló bí ìyá tó bí mi. 

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Dìsẹ́ńbà. O mọ̀ pé ọdún mẹ́rin nìyí tí mi ò tíì fojú kan ilé. Wọ́n sin Mọ́mì, fíìsà ò jẹ́ kí n wá. Mo fẹ́ kí Dáàdì mú mi dé ojú oórì ẹ̀, kí n tó lè gbà pé ó ti lọ lóòótọ́. Òun nìkan ni mo fẹ́ wá ṣe. Ní báyìí, ó ní kí n má fi ẹsẹ̀ tẹ ilé òun.

Mi ò mọ ohun tí o ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀. Kọ òótọ́ sí mi. Má dárúkọ bàtà.

Jemimah.


Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà.

Àǹtí mi,

Ẹ kú sùúrù. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú lẹ́tà yìí o. Ẹ fojú inú wò mí, ikùn mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ ní ẹ ti di dókítà, inú mi dùn débi pé ìrẹsì bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ mọ àdúgbò wa. Tí ọmọ bá gba sátífíkéètì lásán, wọ́n á tẹ bánà fún un. Ọmọ ilé kejì kọ́ iṣẹ́ irun dídì ní oṣù mẹ́fà, bánà ẹ̀ ga ju géètì wọn lọ. Kí èmi tí mò ń tẹ bánà fún gbogbo Mainland wá jókòó, kí ẹ̀gbọ́n mi di dókítà, kí ògiri wa ṣófo? Ó tì o.

Mo lọ bá Àbdùlsàmàd. Ó ní dókítà kí ni. Mo ní dókítà àwọn egungun àtijọ́ tó ti di òkúta, èyí tó ń fi hàn bí ẹ̀dá kan ṣe di òmíràn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ sí, ẹ ní kí n má sọ fún Dáàdì. Mi ò sì sọ fún Dáàdì. Bánà ni mo sọ fún.

Àbdùlsàmàd wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó mú àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn jáde. Ọ̀bọ kan tó tẹ̀ wálẹ̀, èkejì tó fẹ́ dìde, ẹ̀kẹta onírun tó mú igi dání, wọ́n ń tò lọ títí tó fi kan èèyàn. Ó yọ èèyàn ìparí yẹn dànù, ó fi ẹ̀yin rọ́pò pẹ̀lú gáùn yín. Ó rẹwà. Mo ní kó máa lọ.

Ó wá ku ibi tí wọ́n máa ń fi fọ́tò ẹni tó ń kíni kú oríire sí. Ẹ̀yin náà mọ̀, bánà tí kò bá ní fọ́tò bàbá nínú, àwọn èèyàn á máa rò pé ọmọ yẹn ò nílé. Mo fún un ní fọ́tò Dáàdì, èyí tó ti wọ aṣọ funfun tó fi ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsàlẹ̀ bánà ni mo ní kó fi í sí. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti kún. Nọ́ńbà fóònù mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú "Ọláolú Prints, kò sóhun tí a kì í tẹ̀." Àbdùlsàmàd rí àyè kékeré kan láàárín onírun yẹn àti ẹ̀yin. Ó ki Dáàdì bọ̀ ọ́.

Ọ̀bọ, ọ̀bọ tó ń dìde, onírun, Dáàdì, ẹ̀yin. Dáàdì ló ṣe ìkẹrin. Kó tó lè bá àwọn tó kù dọ́gba, ó ní láti gé e lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ó wá dà bíi pé Dáàdì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nàró ni.

Mo bura, mi ò wò ó dáadáa. Nọ́ńbà fóònù mi ni mò ń wò, bóyá ó pé. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la gbé e kọ́, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ó bo fèrèsé pálọ̀. Nígbà tí Dáàdì jáde láàárọ̀ Sunday, èrò ti pé. Teslim tó ń gẹrun lódìkejì ọ̀nà ti ń ya fọ́tò. Dáàdì dúró. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Mo ti múra sílẹ̀ fún igbe, mo ti mọ ọ̀nà tí mo máa gbà sá. Kò pariwo. Ó kàn rọra bi mí:

"Ọláolú, èwo nínú wọn ni bàbá mi?"

Àǹtí mi, mo sáré lọ gbé àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bánà.

Kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, fọ́tò yẹn ti wà lórí gúrúùpù ìjọ. Àwọn ọmọ Sunday School ò jẹ́ kó simi. Tó bá ń kọjá, wọ́n á ní "ení, èjì, ẹ̀ta," wọ́n á wá dákẹ́. Mo ti ká bánà yẹn kúrò, ṣùgbọ́n ta ló lè ká a kúrò lójú èèyàn?

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ kàn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ egungun yìí fún mi yékéyéké. Èmi tí mo ta bánà fún ọkùnrin tó wá béèrè ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣé Dáàdì ni mi ò ní lè tà á fún?

Àbúrò yín tó ṣẹ̀,
Ọláolú.


Edinburgh,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà.

Ọláolú,

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà rẹ. Mo bínú títí mo fi dé ibi ẹsẹ̀ tí wọ́n gé. Mo bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, òyìnbó tó jókòó tì mí dìde lọ síwájú. Nígbà tí mo dé ibi tí Dáàdì ti béèrè bàbá ẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Bàbá tèmi ló di ẹ̀fẹ̀ àdúgbò.

Gbọ́ dáadáa. Kò sí ẹni tó ní ọ̀bọ tó wà nínú igbó lónìí ni bàbá wa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí èèyàn bá rìn sẹ́yìn gan-an, jìnnà ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà, a máa bá ibi tí ìdílé tiwa àti tiwọn ti pínyà. Iṣẹ́ tèmi gan-an ò kan ọ̀bọ. Ẹja ni tèmi. Ìgbà kan wà láyé tó jẹ́ pé nínú gbogbo ẹ̀dá tó ní egungun lẹ́yìn, ẹja nìkan ló wà. Nígbà tó yá, a rí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lórí ilẹ̀. Tó bá jẹ́ pé látinú ẹja ni wọ́n ti wá lóòótọ́, ó yẹ ká rí àwọn tó wà láàárín, tí kò tíì kúrò lẹ́ja tán, tí kò sì tíì di ẹran orí ilẹ̀. Wọ́n wá a lọ sínú òkúta ìgbà yẹn, wọ́n sì rí i. Ó ní ìpẹ́, ó ní lẹbẹ. Ṣùgbọ́n tí o bá la lẹbẹ yẹn, egungun apá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ó tún ní ọrùn. Ẹja wo lo mọ̀ tó ní ọrùn?

Kì í ṣe pé ẹja kan jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní òun ń lọ sọ́jà. Díẹ̀díẹ̀ ni, láti ìran dé ìran. Tí Dáàdì bá sì ní tí ẹja bá di ẹlẹ́sẹ̀, kí ló dé tí ẹja ṣì wà, bi í pé nígbà tí àwọn bàbá wa kó kúrò ní Ilẹ́ṣà wá sí Èkó, ṣé Ilẹ́ṣà ṣófo?

Àbí má tiẹ̀ bi í. Má bá Dáàdì jiyàn o, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni kí o bẹ̀. Mo ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, sọ ìyẹn fún un. Mò ń lọ síbi tí a ti ń gbẹ́ òkúta létí òkun lọ́la, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tòótọ́ ni mò ń sọ. Tó bá di ìparí oṣù, màá ti padà.

Jemimah.


Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà.

Àǹtí mi,

Ẹ kú òkúta. Ẹ kú àbọ̀.

Ẹ ní kí n má jiyàn. Mi ò jiyàn. Mo kàn mú Dáàdì lọ wo ẹja.

Mo ti ń gbọ́ pé àwọn ẹja kan wà létí ọ̀sà ní Ìwáyà tó máa ń fi lẹbẹ rìn lórí ẹrẹ̀ tí omi bá ti fà. Mo ní nínú ọkàn mi, Ọláolú, ẹ̀rí tí òyìnbó ń gbẹ́ òkúta kiri fún, ibi tí kò kọjá owó kẹ̀kẹ́ ló wà. Mo parọ́ fún Dáàdì pé ẹnì kan ń ta ẹja yíyan tó dáa níbẹ̀. A dé etí omi, a bá ìyá kan tó ń yan ẹja, Ìyá Àṣàbí ni wọ́n ń pè é. Ó fi ibi tí wọ́n wà hàn wá. Àǹtí mi, wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú wọn wà lókè orí bíi ti ẹni tó ń yọjú lórí fẹ́ǹsì. Wọ́n ń fi lẹbẹ iwájú wọ́ ara wọn, wọ́n ń fò, ọ̀kan tiẹ̀ ń gun gbòǹgbò igi.

Dáàdì tẹ̀ wálẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó pẹ́. Mo rò pé mo ti tà á. Mo ní, "Dáàdì, ẹ wo ẹja tó ń ti inú omi bọ̀ wá sílé."

Ó ní, "Láti kékeré mi ló ti ń bọ̀ nínú ẹrẹ̀ yìí. Kí ló dé tí kò tíì dé?"

Ìyá Àṣàbí rẹ́rìn-ín títí ẹja tó ń yan fi ń jóná. Mo yára fa ọ̀rọ̀ Ilẹ́ṣà yọ. Ẹ ò bá rí ojú Dáàdì, ẹ̀rín fẹ́ yọ níbẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní bàbá òun mọ ìdí tó fi kúrò ní Ilẹ́ṣà, iṣẹ́ rélùwéè ló pè é, wọ́n tiẹ̀ kọ lẹ́tà sí i. Ó ní ẹja yẹn ńkọ́, ta ló kọ lẹ́tà sí i pé kó gòkè? Mo ní bóyá ebi ni. Ó ní ebi kì í ṣe kápẹ́ńtà, ebi ò lè kan ìgúnpá mọ́ apá. Àǹtí mi, ẹ gbà mí, ọkùnrin yìí gbóná. Kò lọ yunifásítì kan, gbogbo ohun tí mo bá jù ló ń gbá padà.

Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Kò wò mí. Omi ló ń wò. Ó ní:

"Ẹja ò ṣẹ̀ mí. Ọ̀bọ pàápàá, mo ti dárí jì í. Kí Jemimah tó lọ, mo gbé páásípọ́ọ̀tù ẹ̀ sórí pẹpẹ, mo gbàdúrà lórí epo rọ̀bì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń dìde láàárín ìjọ, tí mò ń ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi tó ń kọ́ nípa epo. Ó ń gbọ́ lórí fóònù, ó ń ṣe àmín. Ọdún mẹ́rin, Ọláolú. Gbogbo àdúrà mi ń lọ sí ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀."

  A ra ẹja yíyan, a padà sílé.

Nítorí náà, kì í ṣe bánà tèmi nìkan o. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó dun Dáàdì, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyẹn.

Ọláolú.


Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọkítóbà.

Àǹtí mi,

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ẹ ò fèsì. Mo rí i lórí fóònù pé ẹ ti ka lẹ́tà mi. Ṣé ẹ ń bínú ni? Tó bá jẹ́ ìbínú, ẹ bú mi, ó ti mọ́ mi lára. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni mi ò lè gbé.

Dáàdì ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà. Ṣùgbọ́n lánàá ó bi mí bóyá òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ní Scotland. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun kàn béèrè ni, nítorí ìròyìn. Kò sí Scotland kankan nínú ìròyìn yẹn, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Tíkẹ́ẹ̀tì yín ńkọ́? Ẹ má tíì dá a padà, mo bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàtà, mo ti yọ ọ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ má ra bàtà. Ẹ ṣáà fèsì.

Ọláolú.


Edinburgh,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Ọkítóbà.

Dáàdì mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àtijọ́.

Ẹ̀yin ló yẹ kí n ti kọ̀wé sí láti ọjọ́ yìí, dípò kí n máa rán Ọláolú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́fà, tí mò ń pa á rẹ́.

Irọ́ ni mo pa fún yín. Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ẹ sọ fún ọkùnrin tó ń wo ẹrù pé ọmọ yín ń lọ kọ́ nípa òkúta, pé ibi tí òkúta bá wà ni epo máa ń wà. Inú yín dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè la ẹnu. Mo ní màá sọ fún yín tí mo bá délẹ̀. Mo délẹ̀, ẹ ti sọ fún ìjọ. Lẹ́yìn náà, Mọ́mì ń ṣàìsàn, mi ò fẹ́ fi kún un. Lẹ́yìn náà, Mọ́mì kú, mi ò wá fẹ́ kí ẹ pàdánù èmi náà. Gbogbo àmín tí mo ṣe lórí fóònù yẹn, mo mọ̀ pé ibòmíràn ni àdúrà náà ń lọ. Ẹ dárí jì mí, sà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe gan-an, kó má jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn lẹ ti máa gbọ́ ọ mọ́. Màámà, ìyá yín, ò sọ nǹkan kan ju Ìjẹ̀ṣà lọ títí ó fi kú. Ẹ̀yin ń sọ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ń bá àwa sọ ti Èkó. Èmi ń gbọ́ Ìjẹ̀ṣà, mi ò lè sọ ọ́. Ọláolú ò gbọ́, àfi tó bá kan oúnjẹ. Kò sí ọjọ́ kankan tí òbí kan nínú ilé wa jí, tí kò gbọ́ ohun tí ọmọ ẹ̀ ń sọ. Síbẹ̀, tí Màámà bá dìde lónìí, òun àti Ọláolú ò ní gbọ́ ara wọn, àfi tí ẹ bá jókòó sáàárín. Ẹni tó jókòó sáàárín yẹn ni mò ń wá nínú òkúta, Dáàdì. Iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò ní kí ẹ gbà á. Mo ṣì ń gbàdúrà, kò sí òkúta kan tó tíì ní kí n má gbàdúrà mọ́. Hilda, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ń bọ̀ wá kí ẹbí ẹ̀ ní Yaba. Mo fi nǹkan rán an sí yín. Ẹ̀dà egungun lẹbẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹja náà ni, ẹ̀rọ ló ṣe é, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ojúlówó. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ fi jẹ́ fítà ní rélùwéè, tí ẹ ń so kóòṣì mọ́ kóòṣì. Ẹ bá mi wo oríkèé ẹ̀.

Tí ẹ bá ṣì ní kí n má wá, mi ò ní wá. Ẹ̀yin lẹ ni ilé.

Ọmọ yín,
Jemimah.


Èbúté Mẹ́ta,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Nòfẹ́ńbà.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Àǹtí Hilda gbé ẹrù dé ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù yìí. Dáàdì ní kí n ka lẹ́tà yín sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, kí n má sáré. Nígbà tí mo parí, ó kó gíláàsì ẹ̀ sápò, ó wọlé lọ. Egungun yẹn wà lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta, ó fi áńkáṣíìfù bò ó bíi pé òtútù ń mú un. Èmi náà ò fọwọ́ kàn án. Mo ti fọwọ́ kan nǹkan tó pọ̀ tó lọ́dún yìí.

Ní ọjọ́ Wednesday, mo ti Ṣómólú dé lọ́sàn-án, mo bá a nídìí tábìlì. Ó ti wọ gíláàsì, ó gbé rúlà dání, ó ń tẹ oríkèé yẹn síwá sẹ́yìn, ó ń kùn bí ẹni tó wà níbi iṣẹ́. Ó ní, "Ẹni tó so èyí pọ̀ mọ iṣẹ́."

Mo ní, "Ẹja ni o, Dáàdì."

Ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹja ni. Ta ni ọ̀gá ẹja?"

Lónìí, tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí n mú bírò àti pépà wá, pé òun ń sọ ọ́, kí n máa kọ ọ́, kí n má fi nǹkan kan kún un. Ohun tó sọ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Tèmi ló wà nínú àkámọ́, kò mọ̀.


Jemimah, ọmọ mi,

(Ẹ rí "ọmọ mi" yẹn? Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́.)

Mo gba lẹ́tà rẹ. Irọ́ yẹn dùn mí, ó ṣì ń dùn mí báyìí, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ẹ̀yin ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù mi. Mi ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń bá mi jiyàn. Ìyá yín sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà ayé ẹ̀, mo ní kó dákẹ́.

(Ó yíjú sí fèrèsé níbí. Mo ṣe bí ẹni tí bírò ẹ̀ ò yọ.)

Mo ti wo egungun rẹ. Oríkèé tó dáa ni. Mo ti rí kóòṣì tuntun tí oríkèé ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Má rò pé mo ti gbà pé èèyàn wá látinú ẹja. Mi ò gbà. Ọlọ́run ló dá èèyàn, orí ìyẹn ni màá kú sí. Ṣùgbọ́n tí o bá ní Ó pẹ́ lórí iṣẹ́ náà, mi ò lè tètè bá ẹ jà nídìí ìyẹn. Iṣẹ́ gidi kì í yá, fítà ni èmi, ẹnì kan ò ní kọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ Màámà tí o kọ wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, kò ní gbọ́ Ọláolú. (Ẹ wo ìyẹn, mo jókòó jẹ́jẹ́ tèmi.) Mo ní ìbéèrè mẹ́sàn-án tí màá bi ẹ́. (Mẹ́tàlá ni. Mo rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀.) Mi ò ní fi fóònù béèrè wọn.

Láàárọ̀ yìí, mo dìde nínú ìjọ. Mo ní kí wọ́n pa epo rọ̀bì rẹ́ nínú àdúrà wọn. Mo ní ọmọ mi ń wá egungun tó ti di òkúta, pé kí wọ́n máa gbàdúrà fún un níbi tó wà gan-an. (Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Dáàdì yíjú wò ó. Màmá Kòfowórọlá ló kọ́kọ́ ṣe àmín, ó ké e sókè.)

Àdúrà àárọ̀ nílé mi ò tíì kúrò ní aago márùn-ún ààbọ̀, má wá fi oorun òyìnbó sùn síbẹ̀. Tí o bá ti simi, èmi àti ìwọ máa lọ sójú oórì ìyá rẹ. Mi ò tíì lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mò ń dúró dè ẹ́ ni. Tí a bá ti ibẹ̀ dé, kó òkúta rẹ jáde, kí a wá bẹ̀rẹ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn ti wá, a máa jà á títí ọdún tuntun á fi bá wa lórí ìjókòó. Aago tí ọkọ̀ òfurufú rẹ máa balẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè ti wà níbẹ̀ kí o tó dé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.